Máàpù mọ títì, kò mọ ẹnu ọ̀nà

Aláṣọ Ìdúmọ̀tà · Ọjọ́ Ajé, 8:14 òwúrọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọjọ́ Ẹtì. Oníbàárà mi kan ní Ìkòròdú ra léèsì yáàdì márùn-ún. Ó fi lókéṣọ̀n ránṣẹ́ lórí WhatsApp, èmi náà taari rẹ̀ sí ọmọ tó ń bá mi gbé ẹrù. Nígbà tó yá, ó pè mí: "Mọ́mì, fóònù ní mo ti dé, àmọ́ ògiri ni mo ń wò yìí o." Ilé obìnrin náà wà lẹ́yìn ògiri yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n géètì rẹ̀ kọjú sí àdúgbò mìíràn, kánáàlì ńlá kan sì dá wọn láàárín. Kí ọmọ náà tó yí i po, ogójì ìṣẹ́jú ti lọ. Èmi ni mo san owó epo.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé máàpù yìí mọ àdúgbò tí èmi tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó mọ títì, kò mọ ẹnu ọ̀nà. Kí ló fà á? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ bá mi dá sí i, ẹ má kàn fi Gẹ̀ẹ́sì bò mí mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá Alùpùpù · 8:37

Mọ́mì, ẹ kú ọjà o. Ọmọ yẹn kò jẹ̀bi. Èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́ dísípáàṣì yìí, ọdún kẹfà rèé. Ní tiwa, bí ó bá ti ku bí ilé mẹ́wàá ká dé ibi píìnì, àmì ibi tí à ń lọ lórí máàpù, fóònù ti wọ àpò, ẹnu la fi ń dé ibi tó kù. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilé onígéètì dúdú ńkọ́?" Màmá tó ń ta búrẹ́dì ní kọ́nà mọ̀ ju sátẹ́láìtì lọ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti Afárá Carter báyìí, àmì búlúù tó ń fi mí hàn á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Á ní mo wà ní Nnamdi Azikiwe. Kí n tó ṣẹ́jú, mo ti wà lórí òrùlé onílé. Lọ́jọ́ kan ó ní inú ọ̀sà ni mo wà, èmi tí mi ò mọ̀wẹ̀.

Awọnlẹ̀ Àkọkà · 9:20

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀gbọ́n Alùpùpù, mo kí yín o. Ọ̀tọ̀ ni ìṣòro Mọ́mì, ọ̀tọ̀ ni tiyín.

Apá máàpù tó ń júwe ọ̀nà kò rí ilé rárá. Ìlà ló rí, ìlà tó so oríta kan mọ́ òmíràn. Bí ẹ bá fún un ní píìnì, á wá ìlà tó sún mọ́ píìnì náà jù, ibẹ̀ ni yóò sì ní ọ̀nà parí sí. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ilé ló sún mọ́ títì ju géètì lọ, ẹ̀yìnkùlé ló máa gbé yín lọ. Ògiri kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Àfi bí ẹnìkan bá ti sọ fún un pé ẹnu ọ̀nà ilé yìí nìyí.

Ti Ẹ̀gbọ́n: àwọn sátẹ́láìtì GPS wà lókè, nǹkan bí 20,200 kìlómítà sí ilẹ̀. Wọ́n ń fi àkókò ránṣẹ́, fóònù á wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á sì fi ìyẹn mọ bí òun ṣe jìnnà sí wọn tó. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ láti ọ̀dọ̀ mẹ́rin. Ní pápá gbalasa, kò sí wàhálà. Ní Bàlógun, ìròyìn náà á kọ́kọ́ lọ gbá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Alhaji kan, á ta padà, kó tó kan fóònù yín. Ọ̀nà rẹ̀ ti gùn sí i. Fóònù kò mọ̀ pé ògiri ló yà sí, ó gbà pé òun ni òun jìnnà. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe bá ara yín nínú ọ̀sà.

Ọ̀gá Alùpùpù · 9:31

Háà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń purọ́ mọ́ mi.

Bàbá Ìta Fájì · 10:05

Ẹ kú ìmọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Mi ò fi máàpù wá ilé ẹnikẹ́ni rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé la fi ń júwe ilé. Títí dòní, bí mo bá ń júwe Tinúbu fún èèyàn, "bí o bá ti dé Ilojo Bar" ló máa ń bọ́ sí mi lẹ́nu. Ilé àwọn Àgùdà nì, wọ́n sì ti wó o láti 2016. Ọmọ tí mo rán níṣẹ́ lóṣù tó kọjá dúró síbẹ̀ títí, ó ń wá ilé tí kò sí mọ́. Mo gbà pé ẹ̀bi mi ni. Kì í ṣe máàpù nìkan ni ìròyìn ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n obìnrin inú fóònù yẹn tó ń fi ohùn júwe ọ̀nà, ta ló kọ́ ọ lórúkọ? Ọmọ ọmọ mi wakọ̀ gbé mi lọ sí Ọbaléńdé. Ohun tí obìnrin náà pè kò jọ orúkọ àdúgbò, ó jọ orúkọ oògùn ikọ́. Ọba ló lé wọn dé ibẹ̀, bí a ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Ẹni tó bá pè é báyẹn ti da ìtàn náà nù.

Ọmọ Ṣómólú · 10:48

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ló ń kà, wọn ò sì fi àmì sí i. "Oke" lásán ni wọ́n kọ sí orí máàpù. Òkè ni àbí ọ̀kẹ́? "Epe" lásán. Ẹ̀pẹ́ ìlú ni àbí èpè? Bí mo bá rí èpè lójú ọ̀nà mi, èmi á yà padà sílé.

Iṣẹ́ àwòrán àti ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa ń rí lórí àmì ohùn. Lọ́dún kan, wọ́n gbé ìwé ètò ìsìnkú wá. Mo kọ orúkọ olóògbé dáadáa, gbogbo àmì pé, ó dùn ún wò lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo gbé fáìlì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kò ní fóǹtì, ìyẹn irú àwòrán lẹ́tà, tí mo lò, ó kàn fa òmíràn tó wà nítòsí. Níbi tí ọ̀ yẹ kó wà, àpótí kékeré ló jókòó síbẹ̀. Igba ẹ̀dà. Àbúrò olóògbé wò ó, ó ní, "Ṣé pósí lẹ yà sínú orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni?" Ọ̀fẹ́ ni mo tún un tẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Gbogbo lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń kọ ló ní nọ́ńbà nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Unicode. Ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí wa. Àwọn ará Vietnam ló ń lò wọ́n. Ní èdè tiwọn, àmì ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni àmì ohùn, nítorí náà wọn kì í tún gbé àmì ohùn mìíràn lé e lórí. Àwa ń gbé e. Ẹ́, ọ̀, ẹ̀, ọ́: kò sí èyí tó ní nọ́ńbà tó dá dúró nínú wọn. Kọ̀ǹpútà á mú ẹ, á mú àmì, á kó wọn papọ̀, fóǹtì ló sì máa sọ ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Fóǹtì tí wọn kò kọ́ nílé, á gbé àmì náà lé lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kó fi í sílẹ̀ lófuurufú bí ẹyẹ. Àwa tí a ti pẹ́ nídìí CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán, máa ń lo fóǹtì tí wọ́n ti fi ẹ rọ́pò àmì mìíràn lábẹ́lẹ̀. Ó dára títí ẹ óò fi gbé e dé kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, gbogbo rẹ̀ á wá di ìdàrúdàpọ̀.

Nítorí náà, Bàbá, kí obìnrin yẹn tó lè pe Ọbaléńdé, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ kọ ọ́ dáadáa.

Awọnlẹ̀ Àkọkà · 11:15

Mo fi kún un díẹ̀. Ní 2019, Google fi ohùn ọmọ Nàìjíríà sí máàpù wọn. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, àmọ́ ó ń gbìyànjú lórí orúkọ wa. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà dáńfó kún un fún Èkó.

Bàbá Ìta Fájì · 11:22

Ṣé ó mọ ìgbà tí kọ̀ńdọ́ ó ní "kò lọ mọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀"?

Ọ̀gá Alùpùpù · 11:40

😂 Bàbá o!

Awọnlẹ̀, mo ní ìbéèrè. Kí ló dé tó jẹ́ pé bí nẹ́tíwọ̀kì bá ti ń ṣe ségesège lórí Third Mainland, máàpù á di àpótí àpótí, ọ̀kan ní àwòrán, èkejì á funfun bí eérú?

Awọnlẹ̀ Àkọkà · 12:10

Bí wọ́n ṣe gé e nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi gbogbo ayé ránṣẹ́ sí fóònù yín lẹ́ẹ̀kan náà, dátà yín á tán kó tó dé Ìkẹjà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé gbogbo ayé sí orí àpótí kan ṣoṣo, 256 ojú àmì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) ní ìbú, 256 ní òró. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àpótí náà á pín sí mẹ́rin. Ẹ tún un fẹ̀, mẹ́rin á di mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ dé ìgbà kẹwàá, àpótí ti lé ní mílíọ̀nù kan. Fóònù á wá bèèrè kìkì àwọn tó wà lójú yín. Nígbà tí Google Maps jáde ní 2005, èyí ló jẹ́ kí èèyàn lè fi ọwọ́ fa ilẹ̀ síwá sẹ́yìn láìdúró de ojú ìwé tuntun. Lóde òní, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi àwòrán ránṣẹ́ mọ́. Ìlà àti orúkọ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, fóònù fúnra rẹ̀ ló ń kùn ún. Ìdí nìyẹn tí orúkọ títì fi ń dúró dáadáa bí ẹ bá yí máàpù.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba ti Èkó sílẹ̀ sínú fóònù nígbà tí ẹ bá wà nídìí Wi-Fi. Àpótí eérú yẹn á dín kù.

Àpótí kan ṣoṣo tí mo sọ yẹn ní ẹ̀bùn burúkú kan o. Ọ̀nà tí Mercator fi tẹ́ ayé sílẹ̀ ní 1569 fún àwọn awakọ̀ òkun ni wọ́n gbé ka orí rẹ̀, torí ó ń jẹ́ kí igun oríta dúró bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣe jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì láàárín (equator) tó, bẹ́ẹ̀ ló ń wú. Greenland, erékùṣù oníyìnyín tó wà lókè àríwá ayé, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Áfíríkà lójú. Lóòótọ́, Áfíríkà tó o ní ìlọ́po mẹ́rìnlá. Ní 2025, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lo èyí tí wọ́n ń pè ní Equal Earth, tó ń fi ilẹ̀ hàn bó ṣe tóbi sí ara wọn, dípò rẹ̀.

Aláṣọ Ìdúmọ̀tà · 1:26 ọ̀sán

Oníbàárà kó mi mọ́ra, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè ni. Greenland tí kò sí ẹni tó ń ra léèsì níbẹ̀!

Awọnlẹ̀, ọmọ dáadáa ni ẹ. Ọmọ Ṣómólú, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ wàyí. Léèsì yẹn tí mo sọ, nígbà tó dé ọwọ́ obìnrin náà, ó ní kì í ṣe àwọ̀ tí òun rí lórí fóònù. Búlúù ni mo tà. Ó ní àwọ̀ ewé ni òun rí nínú fọ́tò. Mo gbé fọ́tò wò, ọlọ́jọ́ òní ṣe ẹlẹ́rìí mi, ó fara jọ àwọ̀ ewé lóòótọ́. Èmi ni mo ya á, nínú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ gílóòbù.

Ọmọ Ṣómólú · 2:03

Gílóòbù yín pupa rẹ́súrẹ́sú, àbí? Òun lolè. Kámẹ́rà fóònù kò mọ àwọ̀, ó ń méfò ni. Á wo yàrá náà, á wá ohun tó rò pé ó jẹ́ funfun, á wá fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n gbogbo àwọ̀ tó kù. Lábẹ́ iná pupa rẹ́súrẹ́sú, bí kò bá rí funfun gidi kankan, á ṣi òdiwọ̀n, búlúù á sì yà sí ewé. Ẹ gbé aṣọ wá sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní ìyálẹ̀ta, kì í ṣe inú oòrùn gangan. Ẹ fi bébà funfun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi ohun ìṣaralóge kankan sí fọ́tò náà lẹ́yìn náà, ẹ̀yin obìnrin.

Síbẹ̀, ojú fóònù yàtọ̀ sí aṣọ. Fóònù ń tàn, iná pupa, iná ewé, iná búlúù ló fi ń ṣe gbogbo àwọ̀. Aṣọ kì í tàn, iná tó bà á ló ń dá padà. Ìjà tí èmi àti àwọn ayàwòrán tuntun máa ń jà nìyẹn. Wọ́n á ya búlúù kan lórí kọ̀ǹpútà, á máa dán yinrinyinrin. Yíǹkì mẹ́rin la ní nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò sí bí a ṣe lè pò ó tó máa dán bẹ́ẹ̀. Bó bá jáde, á rẹ̀ wẹ̀sì. Wọ́n á ní Ṣómólú ló bà á jẹ́.

Ohun tó kàn: bí ẹ bá taari fọ́tò kan náà látọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹlòmíì, á máa gbó. Wọ́n ń fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́. Bí JPEG ṣe ń ṣe nìyẹn: á pín àwòrán sí àpótí kéékèèké, mẹ́jọ sí mẹ́jọ, á sì ju ohun tó rò pé ojú kò ní rí nù. Bí wọ́n bá tún un fún, á tún jù. Iṣẹ́ ọwọ́ inú léèsì ló kọ́kọ́ ń kú. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, ẹ má fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fọ́tò.

Sísí Yábà · 4:18

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n yà yín lọ́nà díẹ̀. Ta ló wà ní Mọ̀rínà báyìí? Fídíò kan dé ọ̀dọ̀ mi, omi ti bo gbogbo ibẹ̀ láàárọ̀ yìí, ọkọ̀ ń léfòó. Mo ní ìpàdé níbẹ̀ lọ́la.

Aláṣọ Ìdúmọ̀tà · 4:22

Láàárọ̀ yìí kẹ̀? Òòrùn ni a ń jẹ níbí láti àárọ̀.

Awọnlẹ̀ Àkọkà · 4:51

Àǹtí, mo ti wò ó. Fídíò náà ti pẹ́. Ẹ wo ọwọ́ òsì nígbà tí ẹni tó ń ya á yí kámẹ́rà sí apá ọ̀sà. Ó yẹ kí afárá ojú irin Blue Line wà níbẹ̀, èyí tó gba orí omi wọ Mọ̀rínà. 2023 ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, wọ́n sì ti ń kọ́ afárá rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Nínú fídíò, òfuurufú lásán ló wà níbẹ̀.

Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ ṣí Street View, àwòrán ojú títì tó wà nínú Google Maps. Láti 2018 ló ti wà fún Èkó. Ẹ dúró síbi tí ẹni náà dúró, ẹ wo ọjọ́ tó wà létí àwòrán, ẹ fi ilé wé ilé.

Sísí Yábà · 5:06

Mo ti taari rẹ̀ sí gbọ̀ngán ìdílé wa o, àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Èwo ni ṣíṣe?

Bàbá Ìta Fájì · 5:10

Padà lọ síbẹ̀, kí o sọ fún wọn pé irọ́ ni. Wọn ò ní gbọ́, àmọ́ o ti sọ ọ́.

Ọ̀gá Alùpùpù · 7:45 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọn ò sì tíì dá yín lóhùn tán. Kí lẹ máa ṣe sí ẹnu ọ̀nà? Oníbàárà kan ní Mákòókò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi nígbà kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà pẹ̀lú àmì àròpọ̀ láàárín, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ó gbé mi dé ojú ilé, ilé orí omi!

Awọnlẹ̀ Àkọkà · 8:12

Plus Code nìyẹn. Wọ́n pín gbogbo ayé sí àpótí, wọ́n sì sọ àpótí kọ̀ọ̀kan lórúkọ, yálà títì wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Èyí tó ní lẹ́tà mẹ́wàá kò ju nǹkan bíi mítà mẹ́rìnlá sí mẹ́rìnlá lọ. Ti Èkó níbí, 6FR5 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọn ò fi fáwẹ̀lì kankan sí i, kí ó má baà ṣèèṣì di ọ̀rọ̀ èébú ní èdè ẹnikẹ́ni.

Mákòókò tí ẹ dárúkọ yẹn, títí di 2019, bí omi lásán ló ṣe rí lórí ọ̀pọ̀ máàpù. Wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ láti fi dírónù ya àdúgbò wọn lófuurufú, wọ́n sì gbé ojú omi àti ilé wọn sórí OpenStreetMap, máàpù tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe.

Mọ́mì, ẹ sọ fún oníbàárà kó jáde síta, kó dúró níwájú géètì kó tó fi lókéṣọ̀n ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́. Kó ya fọ́tò géètì pẹ̀lú.

Aláṣọ Ìdúmọ̀tà · Ọjọ́rú, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Obìnrin Ìkòròdú tún ra òmíràn, Ọlọ́run ló ṣe é. Mo ní kó jáde síta kó tó fi lókéṣọ̀n ránṣẹ́. Ó ní òjò ń rọ̀, mo ní kó mú agbòjò. Ọmọ mi dé ojú géètì tààrà, kò pe ẹnikẹ́ni. Mo ya fọ́tò aṣọ náà lẹ́nu ọ̀nà, bébà funfun wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ bí fáìlì.

Ó pè mí ní wákàtí kan sẹ́yìn. Ó ní àwọ̀ náà bá a mu gẹ́lẹ́. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bébà funfun yẹn ńkọ́, mi ò rí i nínú ẹrù."